Kámẹ́rà àlòkù àti ẹ̀rọ orin àpò ní Ìdáàṣà: kí la ń fi owó wa rà gan-an?

Ọ̀rọ̀ kan wà ńlẹ̀ tó yẹ ká jọ yẹ̀ wò. Àwọn kámẹ́rà kéékèèké àti ẹ̀rọ orin àpò ti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, tí gbogbo wa ti rò pé ìgbà wọn ti kọjá, ti tún ń padà sórí tábìlì àwọn tó ń ta ọjà àlòkù. Inú ilé àwọn òyìnbó ni wọ́n ti wà látọjọ́ yìí, nínú àpótí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n tó bá ẹrù àlòkù yòókù gba ebúté Kútọnu wọlé. Wọ́n á wá gun ọ̀nà Parakou dé ọ̀dọ̀ wa níbí, níbi tí ọ̀nà Savalou ti ya.

Ohun tó jẹ́ tuntun níbẹ̀ ni iye tí wọ́n ń pè é. Nígbà kan, ẹni tó ń tà á máa sọ pé, “Ẹ mú un lọ, ẹ fún mi ní ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín.” Ní báyìí, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé, “Kámẹ́rà yìí ló wà lóde báyìí o, ẹ lọ wo TikTok.” Kò kúkú parọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní Faransé, ní Amẹ́ríkà àti ní Japan ń wá kámẹ́rà kéékèèké yẹn kiri, torí pé fọ́tò tó ń yà kò jọ ti fóònù.

Ṣé kí ọmọ Ìdáàṣà náà bá wọn sáré? Èsì wa ni pé àwọn kan wà tó yẹ kí wọ́n rà á, àwọn kan sì wà tí owó wọn máa ṣòfò. Pé ọjà náà ti gbó kọ́ ló ń fa òfò ọ̀hún. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ló ń tan èèyàn. Wọ́n kọ “12 mẹ́gápíksẹ́lì”, wọ́n kọ “8 gígà”, olùrà á ní ó pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Kí ló ń fún ẹ̀rọ yẹn níná? Inú kí ló ń kó nǹkan sí? Ọ̀nà wo la máa gbà kó nǹkan ọ̀hún jáde? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà lọ, nọ́ńbà ọ̀hún kò sì dáhùn ìkankan nínú wọn.

Àwọn tó kọ́kọ́ rà á fi owó kọ́gbọ́n

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní 1975, ẹnjiníà kan ní iléeṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, Steven Sasson, ṣe kámẹ́rà tí kò lo fíìmù rárá. Ó wúwo ju kílò mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ, àwòrán kan ṣoṣo sì ń gba ìṣẹ́jú àáyá 23 kó tó wọ inú kásẹ́ẹ̀tì tó fi ń pa á mọ́. Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1995, Casio gbé QV-10 jáde, tó ní gíláàsì lẹ́yìn tí èèyàn fi lè wo fọ́tò lójú ẹsẹ̀. Ní 1997, Sony gbé Mavica jáde, èyí tó ń kó fọ́tò sínú díìsìkì pẹlẹbẹ ti kọ̀ǹpútà. Àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, torí pé kò sí kọ̀ǹpútà tí kì í gba díìsìkì yẹn nígbà náà. Lónìí ńkọ́? Ẹ wá kọ̀ǹpútà tó ṣì ń gbà á káàkiri Ìdáàṣà, ẹ máa rìn títí ni.

Bọ́rọ̀ ẹ̀rọ orin náà ṣe rí nìyẹn. Ní 1998, MPMan jáde láti South Korea, Rio PMP300 sì jáde ní Amẹ́ríkà. Mẹ́gà 32 péré ló wà nínú Rio. Orin mp3 tó dáa díẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi mẹ́gà kan ní ìṣẹ́jú kan, torí náà orin ààbọ̀ wákàtí ni gbogbo ohun tó gbà. Kásẹ́ẹ̀tì lásán tí àwọn èèyàn ń fi Walkman gbọ́ láti 1979 gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá 2001, Apple gbé iPod jáde: gígà 5, ẹgbẹ̀rún orin kan nínú àpò, dọ́là 399. Tí a bá ṣírò ẹ̀ sí owó wa nígbà yẹn, ó tó nǹkan bí 290 000 séfà. Ṣùgbọ́n iPod àkọ́kọ́ yẹn kò bá kọ̀ǹpútà mìíràn sọ̀rọ̀ àfi Macintosh, tí Apple fúnra ẹ̀ ń ṣe. Ẹni tó bá ra irú ẹ̀ ní Paris tó gbé e wá sílé, tí kò sì ní Macintosh, òkúta funfun ló rà. Sony tó ni Walkman náà kò ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn ẹ̀rọ orin ẹ̀ ti ìbẹ̀rẹ̀ kò gba mp3 tààrà, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ètò kọ̀ǹpútà ti Sony yí orin padà sí irú tiwọn. Ọdún 2004 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọwọ́ kúrò nínú ìyẹn.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Kò sí èyí tí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ burú nínú gbogbo wọn. Okùn ni kò sí mọ́, tàbí díìsìkì, tàbí ètò kọ̀ǹpútà. Ohun tó wà láyìíká ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ń kú, ẹ̀rọ náà á wá jókòó síbẹ̀ bí ọlọ tí kò ní ọmọ ọlọ.

Kí ló wá gbé owó wọn sókè?

Fóònù ló kọ́kọ́ gbá wọn dànù. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ní Japan, tí wọ́n ń pè ní CIPA, kà á pé ní 2010, kámẹ́rà tó lé ní mílíọ̀nù 121 ló kúrò ní iléeṣẹ́ lọ sọ́jà. Ní 2023, kò tó mílíọ̀nù 8 mọ́. Kodak fúnra ẹ̀ ti gba kóòtù lọ ní oṣù kìíní 2012 pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Ní oṣù karùn-ún 2022, Apple kéde pé àwọn ò ní ṣe iPod mọ́.

Nígbà tí nǹkan bá ti ṣọ̀wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ á ní ó dùn. Àṣà ló gbé owó yẹn sókè, kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà ti dára ju ti àná lọ. Àṣà sì lè yí padà lọ́la. Ẹ jẹ́ ká fi owó wa wò ó. Yúrò kan jẹ́ séfà 655,957. Tí ẹnì kan bá pe kámẹ́rà àlòkù ní 100 yúrò bíi ti àwọn ará Faransé, 65 595 séfà nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin orílẹ̀-èdè Benin fọwọ́ sí láti oṣù kìíní 2023 jẹ́ 52 000 séfà. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá san iye yẹn ti fi owó oṣù kan ṣe é, ó sì tún ti jẹ gbèsè lé e. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye tí wọ́n ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Paris dá yín lóhùn ní ọjà Ìdáàṣà.

Ẹ̀rọ orin: ohun tó yẹ kí ẹ wò

Àkọ́kọ́, ẹ bi í pé báwo ni orin ṣe ń wọ inú ẹ̀. Èyí tó dáa jù fún wa ni èyí tí ẹ máa so mọ́ kọ̀ǹpútà èyíkéyìí, tó máa ṣí bíi kọ́kọ́rọ́ USB, tí ẹ máa da orin sínú ẹ̀, kó sì parí. Creative MuVo ń ṣe bẹ́ẹ̀, Sansa Clip+ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún ní rédíò FM nínú, ó sì ń gba kádì mẹ́mọ́rì kékeré irú ti fóònù. Ẹni tó bá fẹ́ ra iPod àlòkù, kó rántí pé iTunes tàbí irú ètò bẹ́ẹ̀ ló máa fi kó orin sí i. Tí kò bá sí kọ̀ǹpútà nílé, orin tí ẹni àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ nínú ẹ̀ ló máa máa gbọ́ títí ayé.

Èkejì, bátìrì. Ẹ̀rọ orin tó ń lo píìlì, irú èyí tí a ń fi sínú rimóòtù tẹlifíṣọ̀n, kò ní kú torí ọjọ́ orí bátìrì. Píìlì wà ní Sóklogbó, ó wà ní Kèrè, ó wà níbi gbogbo. Èyí tí wọ́n ti bátìrì mọ́nú ẹ̀ ńkọ́? Bátìrì ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í pẹ́ mọ́. Ẹ má gbà kí ontajà fi okùn iná sí i kó máa fi orin hàn yín. Ẹ yọ okùn náà, kí ẹ jẹ́ kó kọrin fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Tó bá kú kí ìdajì wákàtí yẹn tó pé, ẹ ti rí èsì yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe torí gígà bá ara yín jà. Gígà kan péré ń gba orin tó tó wákàtí 16. Ta ló ń gbọ́ orin wákàtí 16 láìsinmi?

Kí a má gbàgbé pé àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti rí ọgbọ́n mìíràn dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní nǹkan bíi 2010, ará Amẹ́ríkà kan, Christopher Kirkley, wà ní Kidal ní àríwá Mali, ó ń kó orin jọ láti inú kádì fóònù àwọn èèyàn. Fóònù sí fóònù ni wọ́n ń fi Bluetooth pín orin náà, láìlo íntánẹ́ẹ̀tì. Ó fi wọ́n ṣe àwo orin kan tó pè ní Music from Saharan Cellphones. Ẹ̀rọ olówó ńlá kọ́ ló gbé orin yẹn rìn. Kádì kékeré ló gbé e. Torí náà, tí ẹ bá ti ní fóònù tó ń gba kádì, ẹ ti ní ẹ̀rọ orin. Ẹni tó yẹ kó ra òmíràn ni ẹni tí iná fóònù ẹ̀ ń tètè tán lóko, àgbàlagbà tí kò fẹ́ wàhálà fóònù, tàbí òbí tó fẹ́ kí ọmọ máa gbọ́ ẹ̀kọ́ èdè láìwọ Facebook.

Kámẹ́rà: ẹ fọwọ́ ara yín dán an wò

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́gápíksẹ́lì, torí òun ni wọ́n fi ń tà á. Mẹ́gápíksẹ́lì kan jẹ́ mílíọ̀nù kan àmì tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán. Fọ́tò tí wọ́n máa ń tẹ̀ sórí ìwé ní 10 lọ́nà 15 sẹ̀ǹtímítà, èyí tí à ń fi sínú áḿbọ́ọ̀mù, kò nílò ju mẹ́gápíksẹ́lì 2 lọ kó tó mọ́ kedere. Tó bá jẹ́ bébà ńlá irú èyí tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì, nǹkan bí 9 ti tó o. Torí náà, kámẹ́rà 6 tí ojú ẹ̀ mọ́ sàn ju kámẹ́rà 14 tí ẹbu ti wọ dígí ẹ̀ lọ. Àwọn àmì tóótòòtó yẹn, orí nǹkan kékeré tí kò tó èékánná ọwọ́ ni wọ́n há mọ́. Bí wọ́n bá ṣe ń pọ̀ sí i níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó ń kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dín kù.

Tí ẹ bá dé iwájú ontajà, ẹ mú kádì tiyín àti píìlì tiyín lọ́wọ́. Nǹkan tí ẹ máa ṣe rèé:

Ẹ ṣí ibi tí bátìrì ń wọ̀. Tí ẹ bá rí àwọ̀ ewé tàbí ìyẹ̀fun funfun lára irin ibẹ̀, omi píìlì ti jẹ ẹ́. Ẹ tàn án, kí ẹ fetí sílẹ̀ bí imú ẹ̀ ṣe ń yọ jáde. Tó bá ń dún bí ẹni ń lọ ata, eruku ti wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí eruku ọyẹ́ ṣe ń ṣe láàrin àwọn òkè wa. Ẹ ya ògiri funfun, kí ẹ wo bóyá àmì dúdú kan dúró sójú kan náà nínú fọ́tò méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ ya fọ́tò kan lójú oòrùn, kí ẹ ya ọ̀kan nínú òkùnkùn ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú fláàṣì. Ẹ fi déètì sí i, ẹ yọ bátìrì fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ dá a padà. Tí déètì bá ti sọnù, kì í ṣe ohun tó burú púpọ̀, àmọ́ ó lè mú kí owó ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kádì. Èyí ló ń dun àwọn olùrà jù. Kámẹ́rà Olympus àti Fujifilm kan wà tó jẹ́ kádì xD nìkan ni wọ́n ń gbà. Ọdún 2002 ni kádì yẹn jáde, wọn kò ṣe é mọ́, èyí tó tóbi jù nínú ẹ̀ kò sì ju gígà 2 lọ. Sony ní tiẹ̀ dúró sórí Memory Stick láti 1998, àyàfi nígbà tó di 2010 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba kádì SD. Ẹ wá èyí tó ń gba SD, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 2006 sábà máa ń kọ kádì tó bá ju gígà 2 lọ. Kò sí aburú níbẹ̀: gígà 2 ń gba fọ́tò tó lé ní 400 lórí kámẹ́rà mẹ́gápíksẹ́lì 12.

Bátìrì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Canon PowerShot tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, irú bí A570 IS, píìlì méjì lásán ni wọ́n ń lò. Ẹ ra píìlì tó ṣeé fún níná padà, torí pé píìlì olówó pọ́ọ́kú kì í yà ju fọ́tò díẹ̀ lọ kó tó rẹ̀ ẹ́. Àwọn pẹlẹbẹ tó rẹwà tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá, bátìrì tiwọn ni wọ́n ní, ṣájà tiwọn sì ni. Tí ṣájà kò bá tẹ̀lé e, ẹ má san owó odindi.

Ta ni kó rà á?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Fóònù tí wọ́n ṣe láàrin ọdún márùn-ún yìí máa ń borí kámẹ́rà kékeré àtijọ́ nínú òkùnkùn. Ẹni tó kàn fẹ́ ya ìkómọ àti ọjọ́ ìbí nínú yàrá, kó fowó ẹ̀ sápò.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Àrígbo ní oṣù kẹjọ, nígbà tí èrò láti gbogbo Benin àti láti òkèèrè bá kún iwájú ihò àpáta. Ayàwòrán tó wà lẹ́yìn ogunlọ́gọ̀ èèyàn kò lè fi ọ̀pọ̀ fóònù mú ojú ẹni tó wà níwájú kó mọ́. Kámẹ́rà tí dígí ẹ̀ ń rìn jáde láti fa nǹkan mọ́ra ló máa bá a ṣe é. Dígí tó ń rìn là ń wí o! Èyí tí wọ́n ń pè ní zoom numérique, fọ́tò ló ń gé, tó sì ń fẹ̀ ẹ́. Ẹ béèrè fún zoom optique, kí ẹ sì fojú ara yín rí i pé dígí náà ń rìn. Fún ẹni tó fẹ́ fi fọ́tò jẹun, kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ lè pa owó ara ẹ̀ padà kí ìpàdé Àrígbo ọdún kan tó parí, bí kò bá rà á lówó gọbọi.

Kádì irọ́ àti ìdọ̀tí àwọn ẹlòmíràn

Nǹkan méjì ló kù tó kan gbogbo wa, yálà a ra kámẹ́rà tàbí a ò rà á.

Àkọ́kọ́ ni kádì mẹ́mọ́rì ayédèrú. Tí ẹ bá rí kádì tí wọ́n kọ “1 téérà” sí, tí owó ẹ̀ kò sì ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ, ẹ sá. Wọ́n ti kọ́ kádì yẹn láti parọ́ fún ẹ̀rọ. Inú ẹ̀ lè má ju gígà 8 lọ. Nígbà tó bá kún, kò ní sọ fún yín. Fọ́tò tuntun á máa tẹ ti àtijọ́ mọ́lẹ̀, tàbí kó má wọlé rárá, ẹ ò sì ní mọ̀ títí dọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ wò ó. Ẹ da nǹkan ńláńlá sínú ẹ̀ títí tó fi máa kún, kí ẹ wá ṣí èyí tó kẹ́yìn. Tí kò bá ṣí, irọ́ ni. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà fún kọ̀ǹpútà, H2testw, tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fúnra ẹ̀.

Èkejì ni ìdọ̀tí. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá wọlé tí kò ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ wa ló máa sùn sí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, àdéhùn Basel tó ń darí ìrìn àjò ìdọ̀tí olóró láàrin àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹ̀ ẹ́ lójú: kò sí ìdọ̀tí ẹ̀rọ iná kankan tó tún gbọ́dọ̀ wọ orílẹ̀-èdè mìíràn láìjẹ́ pé orílẹ̀-èdè yẹn ti kọ́kọ́ gbà. Ṣùgbọ́n ẹrù tí wọ́n bá pè ní “àlòkù tó ṣì ń ṣiṣẹ́” ń gba ọ̀nà mìíràn kọjá. Ta ló ń wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, olùrà tó kẹ́yìn ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń dán ọjà wò níwájú ontajà ni aṣọ́bodè tó kẹ́yìn. Tí gbogbo wa bá kọ̀ láti ra òkú ẹ̀rọ, ontajà á kọ̀ láti gbà á ní Kútọnu, ẹni tó wà ní Kútọnu náà á sọ fún èèyàn ẹ̀ ní Faransé. Bátìrì tó bá sì ti wú, ẹ má jó o, ẹ má jù ú sínú ṣáláńgá. Ó lè gbiná, oró ẹ̀ sì ń wọ ilẹ̀ tí à ń mu omi ẹ̀.

Ohun tí à ń wá pa mọ́

Ní Àjàṣẹ́, Joseph Moïse Agbodjelou fi fíìmù ya àwọn èèyàn ìlú, pẹ̀lú aṣọ àti gèlè wọn, àwọn kan sì ń wo fọ́tò yẹn títí dòní. A ti rí i pé fíìmù ń pẹ́ láyé. Fọ́tò inú kádì kò ní irú ẹ̀mí gígùn bẹ́ẹ̀, àfi tí a bá ràn án lọ́wọ́. Yálà kámẹ́rà lẹ rà tàbí fóònù lẹ fi yà á, fọ́tò tí ẹ kò bá fẹ́ kó sọnù, ẹ fi sí ibi méjì, kí ẹ sì tẹ mẹ́wàá tó ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀ sórí ìwé lọ́dọọdún. Bàbá àti ìyá wa ń dàgbà. Ojú wọn lohun tí à ń fi gbogbo ẹ̀rọ yìí wá.

Torí náà, kí ẹ tó yọ owó: ẹ mọ ohun tó ń fún un níná, ẹ mọ kádì tó ń gbà, ẹ mọ bí nǹkan ṣe ń jáde nínú ẹ̀, kí ẹ sì ti fọwọ́ ara yín lò ó. Tí ontajà bá kọ̀ pé ẹ ò lè dán an wò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ máa bá tiyín lọ.